Nígbà tí owó pọ̀ jù lọ́jà: àtúntò ọrọ̀ ajé nínú eré RuneScape

Ní ọjọ́ 9 oṣù kejìlá ọdún 2021, òfin tuntun kan bẹ̀rẹ̀ ní ọjà ńlá kan. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá ta ọjà níbẹ̀ ní láti fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó-orí. Nígbà náà, ẹni tó ta ọjà 1,000 yóò gba 990. 10 tó kù kò ní dé ọwọ́ rẹ̀.

Irú owó-orí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì fún ẹni tó ń pàtẹ. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ọjà náà kò sí lórí ilẹ̀ kankan. Inú eré orí kọ̀ǹpútà ni ó wà. Ẹja, idà àti ẹ̀wù ogun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ kò ṣe é fọwọ́ kàn. Owó wúrà tí wọ́n ń ná níbẹ̀ kò ṣe é kó sápò. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn wà ní ayé gidi tó jẹ́ pé inú ọjà yìí ni wọ́n ti ń rí owó oúnjẹ.

Ẹni tí kò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí náà lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú ìtàn ọjà yìí. Ó fi hàn bí owó ṣe ń pọ̀, bí ó ṣe ń sọ agbára rẹ̀ nù, àti ẹni tí ẹrù ń wọ̀ lọ́rùn nígbà tí àwọn aláṣẹ bá fẹ́ tún ètò owó ṣe.

Eré wo ni eré náà?

RuneScape ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Andrew Gower, ló dá a sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn arákùnrin rẹ̀ méjì, Paul àti Ian. Ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 2001 ni wọ́n ṣí i fún gbogbo ènìyàn. Ilé iṣẹ́ tí ń bójú tó o ni Jagex, ní ìlú Cambridge.

Ènìyàn méjì ló ń jókòó ti ọpọ́n ayò. Ní ti RuneScape, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló ń wọ inú eré kan náà lẹ́ẹ̀kan náà nípasẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì. Ayé tí wọ́n ń wọ̀ jọ ayé inú àlọ́. Ọba, oṣó, iwin àti òmìrán wà níbẹ̀. Dírágónì náà wà níbẹ̀, ìyẹn ejò ńlá tó ní ìyẹ́ apá, tí ń fi ẹnu tu iná.

Aṣeré kọ̀ọ̀kan ní ènìyàn tirẹ̀ tí ó ń darí nínú ayé náà. Ó lè kọ́ ọ ní ẹja pípa, igi gígé, irin wíwà, iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ, oúnjẹ sísè tàbí ogun jíjà. Ohun tó bá ṣe ni yóò tà. Owó tó bá rí ni yóò fi ra ohun tí kò lè ṣe fúnra rẹ̀.

Bí ọjà ṣe dé nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó fẹ́ ta nǹkan ní láti dúró ní ojúde ìlú kí ó máa polówó, títí ẹni tó fẹ́ rà yóò fi kọjá. Ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 2007, Jagex ṣí ọjà àpapọ̀ kan tí wọ́n pè ní Grand Exchange. Níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ tà yóò sọ iye tí yóò gbà, ẹni tó fẹ́ rà yóò sọ iye tí yóò san, ètò ọjà náà yóò sì so àwọn méjèèjì pọ̀, bí wọn kò tilẹ̀ rí ara wọn.

Ibi tí owó ti ń wá àti ibi tí ó ń lọ

Nígbà tí ìyá kan bá ta gàrí lọ́jà, owó tí ó gbà ti wà lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Owó náà kàn yí ọwọ́ padà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí aṣeré kan bá ra ẹja lọ́wọ́ aṣeré mìíràn.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tí owó ń gbà wọ inú eré. Bí aṣeré bá pa iwin kan, ẹyọ owó wúrà lè já bọ́ láti ara iwin náà. Kò sí ẹni tí owó náà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Owó tuntun ni, ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni a bí i.

Ọfọ̀ kan tún wà tí àwọn aṣeré tó ti mọ idán dáadáa máa ń pè, tí ó ń sọ ohun èlò di owó. Ẹ̀wù irin kan wà tí wọ́n ń pè ní rune platebody. Bí a bá pe ọfọ̀ náà sí i, ẹ̀wù náà yóò pòórá, 39,000 ẹyọ owó yóò sì dé ọwọ́ ẹni tó pè é. Bí 1,000 aṣeré bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, 39,000,000 ẹyọ owó tuntun ti wọ ọjà nìyẹn.

Owó ní ọ̀nà tí ó ń gbà jáde pẹ̀lú. Àwọn ẹni inú eré kan wà tí kì í ṣe aṣeré, tí ilé iṣẹ́ fi síbẹ̀ láti ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tí ń la gẹdú sí pákó. Aṣeré tó bá ń kọ́ ilé yóò gbé gẹdú igi mahogany, igi tó bá ọ̀gànwó tan, lọ bá a. Yóò san 1,500 lórí pákó kọ̀ọ̀kan. Owó yìí kò bọ́ sápò aṣeré kankan. Ó parẹ́ kúrò nínú eré pátápátá.

Gbogbo ọ̀rọ̀ ọrọ̀ ajé eré náà dá lórí ọ̀nà méjì yìí. Bí owó tó ń wọlé bá dọ́gba pẹ̀lú owó tó ń jáde, ọjà á fara balẹ̀. Bí èyí tó ń wọlé bá ju èyí tó ń jáde lọ, owó á kún ọwọ́ gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ohun tí ẹyọ owó kan lè rà á máa dín kù. Ohun tí a ń pè ní ọ̀wọ́n gógó nìyẹn.

Àpẹẹrẹ kan hàn gbangba. Ní ìgbà ọdún Kérésìmesì 2001, Jagex pín fìlà bébà aláwọ̀ oríṣiríṣi fún àwọn aṣeré. Fìlà náà kò wúlò fún iṣẹ́ kankan, kò sì dáàbò bo ẹni tó dé e. Ṣùgbọ́n wọn kò pín in mọ́ láti ìgbà náà. Owó ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, fìlà kò pọ̀ sí i. Nígbà tó yá, iye owó àwọn kan nínú fìlà náà kọjá 2,147,483,647. Ìyẹn sì ni iye ẹyọ owó tó pọ̀ jù lọ tí ètò kọ̀ǹpútà eré náà lè kà sójú kan nígbà náà.

Owó ẹyọ náà rí irú rẹ̀

Ohun tí a sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré nìkan. Ní ayé àwọn baba ńlá, owó ẹyọ ni wọ́n ń ná ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí 20,000 fi ń jẹ́ ọ̀kẹ́ kan títí di òní: ọ̀kẹ́ ni àpò tí wọ́n ń kó owó ẹyọ sí, 20,000 ẹyọ ló sì ń kún un.

Owó ẹyọ níyì nítorí pé ọ̀nà jíjìn ni ó ti ń wá. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1845, àwọn oníṣòwò Jámánì láti ìlú Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú ẹyọ mìíràn wá láti agbègbè Zanzibar, ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń kó o wá sí etíkun wa láti fi ra epo pupa. Ẹyọ náà kò wọ́n lọ́hùn-ún, wọ́n sì kó o wá lọ́pọ̀ yanturu. Bí ó ṣe ń pọ̀ sí i ni agbára rẹ̀ ń dín kù. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ọ̀kẹ́ pamọ́ rí i pé ọ̀kẹ́ náà pé, kò dín, ṣùgbọ́n ohun tí ó lè rà ti dín.

Ìwòsàn àkọ́kọ́: wọ́n ti ọ̀nà pa

Ní RuneScape, ìṣòro mìíràn wá kún ti owó tó ń pọ̀. Àwọn kan kò ní àkókò láti ṣiṣẹ́ nínú eré, ṣùgbọ́n wọ́n ní owó ní ayé gidi. Àwọn mìíràn ní àkókò, wọn kò ní owó. Bí àwọn kan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó wúrà eré jọ láti tà á fún olówó nìyẹn. Òfin eré náà kò fàyè gba a, síbẹ̀ òwò náà gbilẹ̀.

Ó ba nǹkan jẹ́. Àwọn kan lára àwọn tí ń ta owó náà ń fi káàdì báńkì tí wọ́n jí san owó oṣù eré. Nígbà tí olówó bá ké gbàjarè, ilé iṣẹ́ ni yóò dá owó náà padà.

Jagex pinnu láti gé òwò náà láti gbòǹgbò. Láti oṣù kejìlá ọdún 2007, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin de pàṣípààrọ̀ tí kò dọ́gba. Aṣeré kò lè gbé ohun olówó ńlá fún ẹlòmíràn mọ́ láìgba ohun tó tó o padà. Wọ́n tún mú ìjà kúrò nínú Aginjù. Ibẹ̀ ni aṣeré ti lè pa aṣeré mìíràn kí ó sì kó ẹrù rẹ̀, àwọn oníṣòwò owó sì lè fi ibẹ̀ ṣe ọ̀nà ẹ̀bùrú: ọ̀kan yóò jẹ́ kí wọ́n pa òun, èkejì yóò kó owó.

Òfin náà fún òwò owó náà ní ìjánu lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó de ọwọ́ àwọn tí kò ṣẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó fẹ́ fi idà ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ kò lè ṣe é mọ́. Ẹni tó fẹ́ yá ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lówó kò lè yá a. Ìjà Aginjù tí ọ̀pọ̀ fẹ́ràn lọ. Àwọn aṣeré fárí gá, àwọn kan sì fi eré náà sílẹ̀. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, Jagex bi àwọn aṣeré léèrè bóyá wọ́n fẹ́ kí nǹkan padà bí ó ti wà. Ìbò tí wọ́n dì ju mílíọ̀nù kan lọ. Ìdá 91 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2011, wọ́n ṣí pàṣípààrọ̀ àti Aginjù padà.

Ní oṣù kejì ọdún 2013, wọ́n tún ṣe ohun mìíràn. Wọ́n gbé eré náà bí ó ti rí ní oṣù kẹjọ ọdún 2007 jáde, wọ́n sì pè é ní Old School RuneScape, ìyẹn RuneScape àtijọ́. Eré méjèèjì ń lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti ìgbà náà. RuneScape àtijọ́ kò ní ọjà àpapọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún 2015 ni wọ́n kọ́ ọ síbẹ̀. Ọjà yìí ni a sọ̀rọ̀ owó-orí rẹ̀ lókè.

Àwọn tí ń pa dírágónì kí wọ́n lè jẹun

Láàárín àkókò yìí, owó gidi ń kú ní orílẹ̀-èdè kan ní gúúsù Amẹ́ríkà. Venezuela ni orílẹ̀-èdè náà, bolívar ni owó rẹ̀. Ọ̀wọ́n gógó ibẹ̀ le débi pé ìjọba gé òdo mẹ́ta kúrò lẹ́yìn owó náà ní ọdún 2008, márùn-ún ní ọdún 2018, àti mẹ́fà ní ọdún 2021. Òdo mẹ́rìnlá ni wọ́n gé láàárín ọdún mẹ́tàlá. Owó oṣù tí òṣìṣẹ́ gbà lónìí lè má ra nǹkan gidi ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i.

Nínú ìpọ́njú yìí, àwọn ará Venezuela kan yíjú sí RuneScape àtijọ́. Láti nǹkan bí ọdún 2017 ni ìròyìn wọn ti ń tàn káàkiri. Wọ́n ń jókòó ti kọ̀ǹpútà fún wákàtí púpọ̀, wọ́n ń pa dírágónì aláwọ̀ ewé nínú Aginjù, wọ́n ń ta awọ àti egungun rẹ̀, wọ́n sì ń ta owó wúrà tí wọ́n rí fún àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè láti gba dọ́là. Owó àlọ́ wá lágbára ju owó ìjọba lọ lójú wọn.

Òfin eré náà kò yí padà nítorí wọn. Bí ilé iṣẹ́ bá mú ẹni tó ń ta owó, wọ́n á tì í síta, gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ á sì ṣòfò. Àwọn aṣeré kan ń dọdẹ wọn nínú Aginjù, wọ́n ń bú wọn pé wọ́n ń ba ọjà jẹ́. Àwọn mìíràn ń bẹ̀bẹ̀ fún wọn pé ebi ló lé wọn débẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, iná mànàmáná kú ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi ní Venezuela fún ọjọ́ púpọ̀. Iṣẹ́ tí ó dá lórí kọ̀ǹpútà kò lè ṣe é ṣe níbi tí iná kò sí.

Ẹni tó bá jókòó ní Cambridge láti tún iye owó awọ dírágónì ṣe, orí ìwé ìṣirò ni ó ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àbájáde rẹ̀ lè dé inú ìkòkò ọbẹ̀ ẹlòmíràn.

Ìwòsàn kejì: owó-orí àti iná

Nígbà tí ó fi di ọdún 2021, àìsàn mìíràn ti hàn nínú RuneScape àtijọ́. Kì í ṣe owó nìkan ló ń pọ̀. Ọjà náà ń pọ̀. Ẹja tí a bá sè, a óò jẹ ẹ́, ó tán. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ idà àti ẹ̀wù ogun nínú eré kì í gbó, kì í sì í kán. Bí idà mẹ́wàá bá wọ ọjà lójoojúmọ́, tí ẹyọ kan kò jáde, 3,650 ni yóò wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Iye owó rẹ̀ á máa wálẹ̀. Ẹni tó fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣiṣẹ́ kí ó tó rí irú idà bẹ́ẹ̀ rà á rí i pé ọrọ̀ òun ń yọ́ lọ.

Owó-orí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún wá láti kojú àìsàn méjèèjì. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹni tó bá ta ọjà ní Grand Exchange ni ó ń san án. Apá kan owó náà parẹ́, èyí sì ń dín owó ọjà kù. Apá kejì ni ilé iṣẹ́ fi ń ra àwọn ohun èlò tó ti pọ̀ jù lọ́jà. Bí wọ́n bá ti rà á tán, wọ́n á pa á run, bí ẹni sọ ọ́ síná. Ohun tó kù lọ́jà á sì níyì díẹ̀.

Wọ́n yọ àwọn kan sílẹ̀. Ohun tí iye rẹ̀ kò tó 100 kò san owó-orí nígbà náà, nítorí pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ kò tó ẹyọ owó kan, ẹyọ owó eré kò sì ṣe é pín sí wẹ́wẹ́. Àwọn irinṣẹ́ tí ẹni tuntun nílò náà kò san. Wọ́n tún fi òpin sí i lókè: bó ti wù kí ohun kan wọ́n tó, owó-orí rẹ̀ kò ní ju 5,000,000 lọ.

Owó-orí yìí dára ju òfin ọdún 2007 lọ ní ọ̀nà kan pàtàkì. Kò ti ọ̀nà mọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rẹ́ ṣì lè ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ. Ẹni tó bá tà púpọ̀ á san púpọ̀, ẹni tó bá tà díẹ̀ á san díẹ̀.

Ta ni ẹrù náà wọ̀ lọ́rùn?

Síbẹ̀, kò sí àtúntò owó tí kì í dun ẹnì kan. Nínú eré yìí, alárobọ̀ ni ó kọ́kọ́ dùn. Alárobọ̀ inú eré ń ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tó ń kánjú, ó sì ń tún un tà pẹ̀lú èrè kékeré. Ká sọ pé ó ra ohun kan ní 10,000, ó tà á ní 10,080. Ṣáájú owó-orí, èrè rẹ̀ jẹ́ 80. Lẹ́yìn owó-orí, yóò san 100. Èrè 80 ti di àdánù 20. Ó ní láti wá ọjà mìíràn, tàbí kí ó fi owó lé iye tó ń tà á.

Olówó ńlá kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ta ohun 1,000,000,000 ì bá san 10,000,000. Nítorí òpin tí wọ́n fi sókè, 5,000,000 péré ni yóò san. Alárobọ̀ san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, olówó ńlá san ìlàjì ìdá kan. Bákan náà, ẹni tó bá mọ ẹni tí yóò rà lọ́wọ́ rẹ̀ lè tà á ní ọwọ́ sí ọwọ́, láìgba inú ọjà àpapọ̀ kọjá, kò sì ní san ohunkóhun.

Ní ọdún 2025, Jagex sọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún di ìdá méjì. Iṣẹ́ àtúntò kì í tán. Bí wọ́n ṣe ń dí ihò kan ni òmíràn ń ṣí, nítorí pé ènìyàn tó ń ronú ló wà ní ìdí ọjà kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà.

Ohun tí eré yìí ti kọ́ àwọn tó ń darí rẹ̀ ju eré lọ. Pípọ̀ owó kọ́ ni ọrọ̀. Ohun tí owó lè rà ni ọrọ̀. Aláṣẹ tó bá fẹ́ mú owó lágbára padà ní láti mú nǹkan kan kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan. Nítorí náà, níbikíbi tí a bá ti gbọ́ pé wọ́n ń tún ètò owó ṣe, ìbáà jẹ́ nínú eré, ìbáà jẹ́ nínú ìlú, ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ẹni tó mọ̀wé béèrè. Níbo ni owó tuntun ti ń wá? Níbo ni owó-orí ń lọ? Ta ni ó ń san púpọ̀ jù lọ nínú ìwọ̀nba tí ó ní?